Aago Mẹ́ta Tí Kò Bàjẹ́

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ eléré-ìdárayá tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì gbé ìtàn ẹgbẹ́ náà fún mi pé kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe ti tajá-tẹran o. Bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ò bá dúró fún ọ, ẹnu ọ̀nà ni wàá ti padà. Bàbá mi ní tiẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Olómi ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi tọ́jú odò ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, ó ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, ó ń da oògùn sí i, ó ń fọ táwẹ̀lì, oṣù tó ń bọ̀ ló sì ń fẹ̀yìn tì. Mo ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ajá alága kan wà níbẹ̀ tòun ti àwòrán. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Mo bá tú àwọn àpótí tí wọ́n kó fún mi wò, bóyá mo lè rí ìlà kan ṣoṣo tí mo máa fi dá a lọ́lá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé omi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà yẹn, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó fẹsẹ̀ kan omi láàárọ̀, olùtọ́jú odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ-bọ̀ kan, ọgọ́rùn-ún mítà géérégé, láti dán omi wò. Wọn ò ní kó rọra o. Wọ́n ní kó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe é, kí oògùn lè pò mọ́ omi dáadáa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á dúró létí odò, á fi aago ìdíje kà á, kó lè mọ̀ pé aago náà ń ṣiṣẹ́, á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni bàbá mi fi ṣe é kí wọ́n tó pa àṣà náà tì.

Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọjọ́ kejì, mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọjọ́ kẹta, méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹni tó yára jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára pákó ní gbọ̀ngàn ìpàdé, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni tiẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye bàbá mi kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé kọ ọ́ pé, "Aago ń falẹ̀," bí ẹni pé àáyá tó kà kò pé. Wọ́n gbé aago lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ìwé tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: "Aago yìí ò ní àìsàn kankan." Wọ́n ra òmíràn. Kò pé oṣù kan, òun náà ń falẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́sàn-án Sátidé, aago kan náà ni wọ́n fi ń ka ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ pé ó falẹ̀. Agbẹjọ́rò ni wọ́n o, dókítà ni wọ́n. Ó rọrùn fún wọn kí aago mẹ́ta ya òpùrọ́ ju kí ẹni tó ń fọ táwẹ̀lì wọn yára jù wọ́n lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí kì í tiẹ̀ ṣe irọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Mo gbé ìwé náà lọ bá akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó kà á, ó wá ìjókòó. Ó ní, "Àǹtí, a máa fi sí i. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀la, a ò ní lè yí nǹkan kan padà mọ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ yìí lónìí, pé ká tẹ̀ ẹ́."

Eré ni mo sá délé. Bàbá mi ń ká aṣọ ní pálọ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ yára jù nínú ẹgbẹ́ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Aago yẹn máa ń falẹ̀. Akọ̀wé ìgbà yẹn sọ fún mi."

"Aago ò falẹ̀, bàbá mi." Mo kà á fún un látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ka ti ẹni tó ń tún aago ṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní.

Mo kà á. Ó jókòó lé orí aṣọ tó ti ká.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kóòṣì kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Àwọn tó máa lúwẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè wa ló ń wá. Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ejìká mi wu òun. Ó ní òun ò lè mú ẹni tó bá ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ó wá bi mí léèrè tèmi."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Akọ̀wé ti ní ohunkóhun tí aago bá sọ, kí n máa fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kún un. Mo fi mẹ́wàá kún un."

Ó ní kóòṣì náà bọ òun lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún akọ̀wé tó ti kú tipẹ́. Ohun tí ẹnu mi sọ lọ́jọ́ yẹn ò ṣe é tẹ̀ sínú ìwé. Bàbá mi ní kí n dákẹ́. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà.

"Kọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má di gbogbo ẹ̀ lé akọ̀wé lórí. Akọ̀wé ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi àti kóòṣì la jọ dúró. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́."