Ìyá Ọlọ́mọrí àti Abọ́ Tí Kì Í Jò

Kò sẹ́ni tó mọ Ìyá Ọlọ́mọrí tí kò mọ ìtàn ọ̀gbẹ́ni tó ru ọbẹ̀. Abọ́ ike tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni ìyá náà ń tà, èyí tó le dáadáa, tó ní ọmọrí. Ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ́ aṣojú iléeṣẹ́ kan, ó wá polówó abọ́ tuntun fún un. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú, ó so táì, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin.

"Màmá, abọ́ yìí kì í jò láé."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí àdá, mà."

Ìyá Ọlọ́mọrí ní kí ọmọbìnrin òun bu ọbẹ̀ ọ̀sán wá. Ó rọ ọ́ sínú abọ́, ó tẹ ọmọrí mọ́ ọn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì nà án sí aṣojú. "Ó yá, gbé e rù, ọmọ mi. Rìn dé ẹnu ọ̀nà kí o padà."

Ojú ti ọ̀gbẹ́ni láti kọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà láìsí wàhálà, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó ṣe ń bọ̀ ni ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn láti iwájú orí dé imú, láti imú dé orí táì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti tutù. Ìyá Ọlọ́mọrí mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Ojú tí o ní ó ti dá ẹ náà ni ọbẹ̀ kọ́kọ́ bá."

Bí Ìyá Ọlọ́mọrí ṣe rí nìyẹn. Kò ní tajà fún ọ títí wàá fi sọ ohun tí o fẹ́ fi sínú rẹ̀. Ọkùnrin káfíńtà kan ṣe àṣìṣe, ó ní ìṣó lòun fẹ́ kó sí i. Ìyá gba abọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ wá agolo. Mi ò tọ́ eléyìí dàgbà fún ìṣó."

Àmọ́ aṣojú tó ru ọbẹ̀ kò kó ọjà rẹ̀ relé. Òdìkejì títì ló kó o lọ, fún ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀dínwó. Abọ́ náà fẹ́lẹ́ bí ewé, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ni. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń sọdá.

Àràárọ̀ ni Ìyá Ọlọ́mọrí ń dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń pariwo: "Ọ̀gá Ẹ̀dínwó, ṣé abọ́ lò ń tà ni àbí asẹ́?"

"Màmá, asẹ́ tèmi ń tà o! Abọ́ tiyín ńkọ́?"

Kò tà lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn náà gba díẹ̀ nínú èyí tó fẹ́lẹ́. Ó fèsì pé, "Bí abọ́ tí mo tà bá ń jò, orúkọ mi ló ń jò yẹn." Lọ́jọ́ tí alásè tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá náà sọdá, ìyá kò pariwo. Ó nu pẹpẹ tí kò ní eruku lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni alásè náà sáré wọlé, aṣọ rẹ̀ rin fún ọbẹ̀. Oúnjẹ igba òṣìṣẹ́ ló kó sínú mọ́tò, ọmọrí àwọn abọ́ fẹ́lẹ́ náà sì ti ṣí dànù lójú ọ̀nà. Ó ku wákàtí kan péré kí wọ́n jẹun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí."

"Ó dọ̀la kí n tó bá ẹ wí. Mélòó lo fẹ́?"

Wọ́n kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ó ku mẹ́sàn-án kó pé. Ọ̀gá Ẹ̀dínwó ti ń wò wọ́n láti òdìkejì. Ó sáré gòkè lọ sílé rẹ̀ tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù, ó sì kó abọ́ líle mẹ́sàn-án wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ́n ni. Ìyá Ọlọ́mọrí yẹ ìdí ọ̀kan wò.

"Ọjà mi nìyí! Níbo lo ti rí i?"

Ọkùnrin náà ń họ orí. "Ìyàwó mi ló ń rà á lọ́dọ̀ yín, Màmá. Òun la fi ń di oúnjẹ nílé."

Ìyá Ọlọ́mọrí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Ọ̀gá Ẹ̀dínwó kì í gba ọjà tuntun láìjẹ́ pé ó gbé e sọdá kí ìyá yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, wọn ò jáwọ́ nínú ìjà àràárọ̀ wọn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ọlọ́mọrí sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé wọ́n ti gbá iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀gá Ẹ̀dínwó ló dúró síbẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ò bá má ti ṣèyọnu."

"Mo ti jáde, mo ti fẹ́ pariwo sí Màmá kí n tó rántí," ọkùnrin náà wí. "Ta ni màá máa bá jà báyìí?"

Ọmọ Ìyá Ọlọ́mọrí gbé àga méjì jáde, ó jókòó tì í. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, títí oníbàárà àkọ́kọ́ fi dé.