Ẹ̀bẹ̀ inú kọ̀ǹpútà Fágbèmí

Ọ̀lẹ ni Fágbèmí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀lẹ tó gbọ́n ni. Bí wọ́n bá kó kọ̀ǹpútà wá sílé ẹ̀kọ́ wa ní Ifangni, ẹyọ kan péré ló máa ń tún ṣe. Á yọ ohun tí a ò nílò kúrò, á fi ohun tí àwọn ọmọ máa lò sí i, á wá ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, á dà á sórí àwọn tó kù. Òun á jókòó, á máa jẹ ẹ̀pà.

Bó ṣe ń ṣe ẹ̀rọ náà ló ń ṣe èèyàn. Nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń sọmọ lórúkọ ní Lagbé, ó rán ọ̀rẹ́ lọ dípò ara rẹ̀. Fáyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ níbí, bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Fágbèmí tún rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀! Fáyọ̀kẹ́ ní òun ò padà mọ́. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, Fágbèmí ní kò yẹ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkíni. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, kó máa sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́.” Lórí ẹ̀rọ yẹn náà ló ti gba ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Fáyọ̀kẹ́ sílẹ̀. Ìkánjú mú un, ó fi ẹ̀bẹ̀ sípò ìkíni, ó sì dà á sórí gbogbo wọn.

Mo ní, “O ò tan ọ̀kan wò ná?”

“Tàntí Marthe, c'est bon, ó ti dáa!”

Lọ́jọ́ tí a ṣí yàrá kọ̀ǹpútà náà, àwọn ọmọ tan gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ lójú àwa òṣìṣẹ́ àti àwọn olùkọ́. Yéè! “Fáyọ̀kẹ́ mi, mo jẹ̀bi. Ilé ò dùn mọ́. Dákun, padà wá.” Ọ̀tún ń bẹ̀bẹ̀, òsì ń bẹ̀bẹ̀, èyí tó pẹ́ kó tó tàn ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Fágbèmí ń sáré kiri, ó ń pa àwọn ẹ̀rọ náà.

Fáyọ̀kẹ́ bọ́ síwájú. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti ṣe tiwọn. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Fágbèmí ṣí fìlà. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ dùn tó ti inú ẹ̀rọ. “Fáyọ̀kẹ́, mo jẹ̀bi.”

“Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti gbọ́. Ó ku bàbá mi ní Lagbé.”

“Ṣé kí n pe ẹ̀gbọ́n mi kó lọ—”

“Rárá!” Gbogbo wa ni, tọmọ tolùkọ́.

Fágbèmí mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀, ó jáde. Fáyọ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.