Ọmọ Tí Ariwo Ẹ̀rọ Kì Í Jí

Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ayé ń pe obìnrin kúkúrú tó ń lọ àgbàdo lẹ́yìn ibùdókọ̀, ẹni tí ìyẹ̀fun máa ń bò títí dé ìpéǹpéjú. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ń ké, ọwọ́ ni àwọn oníbàárà fi ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá lanu níbẹ̀, ìyẹ̀fun ló máa jẹ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wá títí kó tó rí, ń gbé látàárọ̀. Ọmọ náà a sùn fọnfọn nínú ariwo tó ń lé àgbàlagbà sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni yóò tó ta jí. Àwọn oníbàárà a bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ ni orin ìrẹmọlẹ́kún tiẹ̀!" Orí Ẹlẹ́rọ a wú. Ẹ̀dá ò kúkú mọ ohun tó ń yìn.

Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré jọjọ, ó ń ṣe "àà, ùú" bíi ti ọmọ gbogbo. Ìyá tó bí Ẹlẹ́rọ ní lọ́yà tó máa rojọ́ ti wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí ohùn yẹn di "bà-bà-bà", ṣe ló ń rọlẹ̀. Ọmọ ilé kejì ti ń pe màmá rẹ̀. Tiwọn ń wo ẹnu èèyàn lásán. Kí ó ṣáà pe òun ní màmá, ohun tí Ẹlẹ́rọ ń fẹ́ láyé nìyẹn. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́ gbàà lẹ́yìn ọmọ. Kò yíjú. Wọ́n tún fi irinṣẹ́ yẹ etí rẹ̀ wò fínnífínní.

"Màmá, ẹ jókòó. Àtinú oyún ni etí ẹ̀ ò ti gbọ́ràn."

"Irọ́ ni! Tí mo bá pa ẹ̀rọ, ó máa ń jí!"

"Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n yín ló ń mọ̀ lára. Tó bá dúró, oorun á dá lójú ẹ̀."

"Ṣé ẹ̀rọ mi ló dí i létí ni?"

"Rárá o. Ọmọ tí etí ẹ̀ ò gbọ́ràn náà máa ń kọ́kọ́ ṣe 'àà, ùú'. Ṣùgbọ́n kó tó lè di ọ̀rọ̀, ó yẹ kó máa gbọ́ ohùn ara ẹ̀, kó sì máa gbọ́ ẹni tó ń dá a lóhùn."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni Ẹlẹ́rọ gbé délé. Bó ṣe wọlé, ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Màmá," ó wí fún ìyá rẹ̀, "nígbà tó ń ṣe 'ùú' lẹ́yìn mi, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ máa ń gbọ̀n mí lẹ́yìn. Mo rò pé ara ló ń ni ín. Mo ń gbá a nídìí pé kó sùn. Ọ̀rọ̀ ló ń bá mi sọ, mo ní kó sùn!"

Ẹkún gbé Ẹlẹ́rọ, ó ń gbọ̀n ọ́n látorí dẹ́sẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́. Ọmọ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó sì sùn lọ.