Ẹ̀gbà Ọwọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì

Irọ́ ni mo pa. Kò sẹ́ni tó rán mi, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ nítorí ẹ̀. Àánú màmá kan ló ṣe mí, mo rò pé irọ́ lè ràn án lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n fi ba tiwọn jẹ́ pátápátá.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràímì ni mo ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù, ní Kabala Costain, níhìn-ín lápá àríwá. Mo ti gba fíríìdọ̀mù nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. "Délé Wá-lọ́la" làwọn oníbàárà ń pè mí, torí bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún mi lónìí, ọ̀la ni n óò máa dá fún yín títí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì wà lára iṣẹ́ ọ̀la yẹn. Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Narayi ni wọ́n ń gbé. Bàbá Ràímì ló ṣe góòlù wọn: ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí, àti ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tó jọra bí ìbejì. Ìkọ́ ọ̀kan kán, wọ́n gbé e wá fún mi, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí olè fi wọlé wọn nígbà tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì kó ìyókù lọ, tòun ti rìsíìtì.

"Ìmẹ́lẹ́ rẹ wúlò lónìí, Délé," ni wọ́n wí nígbà tí mo fi ẹyọ kan tó kù hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ti pọ́n. Góòlù yẹn ni wọ́n fẹ́ tà láti fi tún òrùlé wọn tó ń jò ṣe kí òjò tó dé.

Ọlọ́run ṣe é, ọkọ wọn tó ti kú ti fi ẹrù ilé náà sí inṣọ́ránsì, màmá ò sì dá sísan rẹ̀ dúró. Iléeṣẹ́ náà rán Malam Bello sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó rí góòlù náà lọ́rùn àti lọ́wọ́ màmá nínú fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn, ó gbà pé wọ́n ní in. Ohun tó kù ni bí góòlù náà ṣe tó. Bàbá Ràímì lọ sìnkú ní Ìlọrin, ọ̀wọ́n epo sì há wọn mọ́bẹ̀. Èmi nìkan ló bá, mo sì gbé ẹyọ ẹ̀gbà tó kù kalẹ̀ kó fi díwọ̀n èkejì tí olè kó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀gbà ọwọ́ kan wà tó jẹ́ góòlù látinú dé òde. Òmíràn wà tí a fi góòlù pẹlẹbẹ ká, tí a wá rọ ìda sínú rẹ̀ kí ó má baà tẹ̀. Bí ẹ bá fojú wò wọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n. Oníìda ni ti màmá.

"Góòlù ni látinú dé òde?" Malam Bello bi mí. "Ka tabbata?"

Òrùlé màmá ló sọ sí mi lọ́kàn. "Na tabbata, Malam. Ó dá mi lójú."

Ó tejú mọ́ mi. "Haba! Ẹni tó ni ín ti sọ fún mi pé ìda ló wà nínú tòun. A jẹ́ pé èyí kì í ṣe tiwọn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Màmá gbọ́, wọ́n sáré dé. "Olè jà mí, Délé, ìwọ náà wá fẹ́ sọ mí dolè?"



Nígbà tí Bàbá Ràímì dé, mo jẹ́wọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Ìda tí mo fọwọ́ mi rọ sínú ẹ̀gbà, ìwọ lo wá fẹnu yọ ọ́. Kí là ń tà níbí?"

"Góòlù ni, Bàbá."

"Irọ́. Ẹnu wa là ń tà. Ta ló ń rí inú ẹ̀gbà?"

Wọ́n mú mi lọ bá Malam Bello. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òtítọ́.

"To, ó dáa," ó ní. "O parọ́ níjelòó. Kí ni kí n fi gbà ẹ́ gbọ́ lónìí?"

Kò sí ọ̀nà míì ju ká la ẹ̀gbà náà lọ, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù fún màmá. A lọ sọ fún màmá, wọ́n ní, "Ẹ là á."

Ní ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo wa, Bàbá Ràímì gbé ayùn wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo là á, mo gbé e súnmọ́ iná. Ìda pupa rọra ṣàn jáde, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń ta sánsán bí afárá oyin. Malam Bello wọn èèpo góòlù tó kù.

"Ìwọ̀nba tó kù náà nìyí?"

"Ìwọ̀nba tí mo sọ fún ẹ náà ni," ni màmá dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá sọ òtítọ́ tí yóò dín owó tirẹ̀ kù, òun lè gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ lórí ìyókù. Ó ní kí Bàbá Ràímì sọ bí ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí ṣe tó. Iléeṣẹ́ sanwó, òrùlé sì parí kí òjò tó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn: màmá tí kò ṣépè fún mi, Malam tó fetí sí mi lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá tí kò lé mi.

Mo dí ẹ̀gbà náà padà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Bàbá Ràímì fẹ́ ṣe èkejì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, màmá kọ̀. "Délé ni yóò ṣe é. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ẹnu rẹ̀ ni kó pè mí."

Láti ìgbà náà mo ti ṣe é, mo ti yọ́ ọ, mo tún un ṣe. Kò tíì jọ ti Bàbá. Bí a bá pàdé ní Narayi, màmá á na ọwọ́ òsì wọn tó ṣófo sí mi, wọ́n á ní, "Délé, ọ̀la dà?"