Oògùn Ìdun Lórí Ẹ̀wà Sóyà

Mi ò fẹ́ràn bàbá náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó máa retí pé a máa padà di ọ̀rẹ́. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo, ilé ìdáná kan ṣoṣo. Yàrá tó kẹ́yìn pátápátá ni tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Bàbá Ẹ̀yìn. Ó ti ṣe lébìrà ní oko ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sí Èkó, ó sì gbà pé kò sí ohun tó lè hù nínú ilẹ̀ tí òun ò mọ bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀ òfìfo kan wà láàárín ilé wa àti kánáàlì. Òun nìkan ló ń dá oko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lásìkò sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí agolo wàrà di nǹkan tí èèyàn ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo lọ bá lándílọ̀ọ̀dù, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó gé ìdajì ilẹ̀ náà fún mi. Ó gé e. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ẹ̀yìn ò ti dá mi lóhùn mọ́. Tí mo bá ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ògiri ló máa wò. Èmi náà kì í jẹ gbèsè. Tí mo bá ń gbálẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo máa ń gbá eruku kọjú sí.

Kì í ṣe pé mo nífẹ̀ẹ́ oko. Ọmọ mi ni. Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan nígbà náà, mo ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ògì lásán ló sì ń mu. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya, ó lè lo oṣù kan gbáko kó tó wálé. Irun orí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé. Kì í rẹ́rìn-ín. Ẹkún pàápàá, kò sun ún dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ògì nìkan ò lè gbà á. Ẹ̀wà sóyà ni kẹ́ ẹ máa fi sí i." Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sè é dáadáa, bí wọ́n ṣe ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n á sá a, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo. Ó wọn kọ́ọ̀pù méjì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọmọ mi fọn, ó sì ti lágbára débi pé ó gbá mi létí. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo na etí kejì sí i.

Àmọ́ kọ́ọ̀pù kan péré lóṣù ni wọ́n ń fún wa lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa pé tó bá fi máa di ọyẹ́, ó ti tán nìyẹn. Lọ́jà ńkọ́? Àwọn tó ń sin adìẹ ló ń kó gbogbo ẹ̀. Adìẹ ń jẹ sóyà, ọmọ mi ń mu omi ògì! Ṣé ẹ rí ayé? Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá rí ilẹ̀, kó gbìn ín. Ìdí tí mo ṣe lọ kúnlẹ̀ fún lándílọ̀ọ̀dù nìyẹn. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá oṣù kẹjọ, mo gbìn ín. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Ẹ̀yìn náà gbin sóyà sí ìdajì tirẹ̀. Mo ní ó ń ṣe bíi tèmi. Òun náà ń sọ káàkiri ilé pé èmi ni mo jí i wò.

Ó hù dáadáa. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àfi bí mo ṣe dé oko lọ́jọ́ kan tí mo rí i tí gbogbo ewé ti lu. Kòkòrò aláwọ̀ ewé, tó ń wọ́ bí ìdin, ló wà lábẹ́ wọn, tó ń jẹun láì gbójú sókè. Háà! Oúnjẹ ọmọ mi! Mo wo apá ọ̀dọ̀ Bàbá, ewé tiẹ̀ náà lu, òun sì jókòó lórí àpótí, ó ń run orín.

Mo gbé ìgbéraga tì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí ohun tó ń jẹ oko wa ni?"

Ó tutọ́ orín sílẹ̀. "Oko ta ni? Ewé ni wọ́n ń jẹ. Ewé pọ̀ lára ẹ̀, òmíràn á yọ. Dúró dìgbà tó bá so. Àwọn tó ń fi ẹnu gún ọmọ ẹ̀wà nínú èèpo, tí wọ́n ń fa omi inú ẹ̀ mu, àwọn yẹn ló ń bọ̀, àwọn ni kó o máa bẹ̀rù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń ṣà wọ́n, nígbà tí ìrì bá ṣì wà lára wọn tí wọn ò lè fò. Inú omi ọṣẹ ni wọ́n ń dà wọ́n sí. Àmọ́ ìwọ ò ní í jí. Ọ̀lẹ ni ẹ́."

Àwọn àgbà ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ọkùnrin yìí gbé ọ̀yà ńlá síwájú mi lọ́jọ́ náà, eku ni mo rí. Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kò ju "ọ̀lẹ" lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó fẹ́ kí n káwọ́ gbera kí kòkòrò lè jẹ oko mi tán, kí ilẹ̀ lè padà di tirẹ̀. Ẹ̀tàn! Èmi kọ́ ló máa tàn.

Mo ní oògùn ìdun nínú yàrá. Ìdun ilé wa yẹn, mo rò pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi òrùlé sí i. A ti da omi gbígbóná sí i, a ti fi kẹrosíìnì pa á, kò lọ, títí mo fi ra oògùn kan nínú ìgò lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó kiri Mushin. Ọjọ́ kan péré, ìdun kú bẹẹrẹ. Mo wá rò ó pé ohun tó pa ìdun ilé wa, kòkòrò oko wo ló tó o? Mo bù ú sínú pọ́ǹpù tí a fi ń fín oògùn ẹ̀fọn, mo fín oko mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n já bọ́. Inú mi dùn. Lóòótọ́, kì í ṣe àwọn ajẹwé nìkan ló já bọ́. Aláǹtakùn kú, èèrà kú, àwọn kòkòrò róbótó pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn náà kú. Bàbá Ẹ̀yìn dúró lẹ́bàá ààlà, ó ń wò mí. "O pa olè, o pa ọdẹ tó ń ṣọ́lé," ó wí. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn o jàre.

Nígbà tó wá so, àwọn tó sọ yẹn dé. Wọ́n pẹlẹbẹ, àwọ̀ ewé ni wọ́n ní, wọ́n ń rùn tí èèyàn bá fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ mi ju ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Ní gbogbo àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń rí bàbá yìí láti ojú fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀, tó mú abọ́ omi ọṣẹ lọ́wọ́, tó ń ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kí èmi náà bọ́ síta kí n máa ṣe bíi tirẹ̀, kó rí mi kó fi mí rẹ́rìn-ín? Kí n sùn kàkà kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé oògùn ìdun. Mo pò ó ní ìlọ́po méjì. Orí èso gan-an ni mo fín in sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ń fọ aṣọ nígbà tí nǹkan kan balẹ̀ gbì lẹ́nu ọ̀nà mi. Adìẹ ni, àgbébọ̀ Bàbá Ẹ̀yìn, ó ti gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sókè. Bàbá náà nawọ́ sí i.

"Adìẹ mi ṣa kòkòrò tó kú lóko rẹ jẹ," ó wí. "Òun nìyí. Ó ku ọmọ rẹ."

Ọmọ ta ni? Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Bó ṣe dàgbà tó, mo fa bùbá rẹ̀ ya. Mo pè é ní àjẹ́ ọkùnrin, mo ṣépè fún un níṣojú gbogbo ilé, èèyàn mẹ́rin ló já ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ń pariwo pé òjò máa fọ̀ ọ́, òjò máa fọ gbogbo ẹ̀ mọ́! Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún rọ̀ mọ́.

Ọyẹ́ dé, a kórè. Ìdajì èèpo tí mo ṣí, ọmọ inú rẹ̀ ti fún, ó pẹlẹbẹ bí ẹni tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Abọ́ kan péré ni mo rí. Bàbá Ẹ̀yìn gbé ìdajì àpò wọlé, ó rọra gba iwájú yàrá mi kọjá kí n lè rí i. Kílíníìkì ti ní kò sí sóyà mọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ mi sì ti tún ń wú.

Mo fọ ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀meje. Mo gbé e kaná. Nígbà tó hó, mo ń gbóòórùn oògùn ìdun. Títí dòní mi ò lè búra bóyá inú ìkòkò ló ti ń rùn tàbí inú orí mi. Ọmọ mi ti gbọ́ ìró ìkòkò, ó ti rá wá, ó mú abọ́ rẹ̀ dání, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo wo ẹnu yẹn. Adìẹ yẹn ni mo rí.

Mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Mo gbẹ́ ihò lẹ́yìnkùlé, mo da gbogbo ẹ̀ sí i, mo bò ó, mo gbé òkúta lé e kí adìẹ ẹnikẹ́ni má baà tú u. Ọmọ mi ń ké tẹ̀lé mi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo gbé abọ́ òfìfo, mo lọ sí yàrá tó kẹ́yìn, mo kúnlẹ̀.

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ̀wà ni, Bàbá."

"Tìrẹ ńkọ́?"

Mo lè parọ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. "Mo ti rì í mọ́lẹ̀," ni mo wí.

Ó dìde. Ó bu ẹ̀wà kún abọ́ náà títí ó fi ń dà sílẹ̀, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú gèlè mi. "Èyí, gbìn ín. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ni mo fún. Ìwọ, adìẹ mi ṣì wà lọ́rùn rẹ."

Nígbà tí mo sè é, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo pò ó, ọmọ mi mu ún tán láì gbé ẹnu kúrò. Mo jókòó tì í, mò ń sunkún. Ìbínú ni mo ń sun, kì í ṣe ayọ̀. Mi ò kórìíra ọkùnrin yẹn rí tó bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé abọ́ kan ò lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àti pé màá tún lọ kúnlẹ̀. Ọmọ mi fi ìka nu ìdí abọ́ rẹ̀, ó lá a, ó sì na abọ́ náà sí mi. Mo bù sí i.