Ìborùn Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Maryland níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. N kò kàwé jìnnà, lẹ́tà ilé nìkan ni mo máa ń kọ. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ìyá àgbà mi ló fà á.

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń dirun ní Largo, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi láítà jó ìdí irun àtọwọ́dá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán. Òórùn ọ̀rá tó ń jó gbalé. Ọkàn mi sáré lọ sí ìsọ̀ aṣọ Ìyá àgbà n'Íbàdàn, níbi tí mo ti máa ń jókòó sórí àpótí. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá tà, tó pè é ní sílíìkì, Ìyá àgbà á fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á gbé e símú. Tó bá rùn bí irun orí tó jó, sílíìkì ni. Tó bá rùn bí ọ̀rá, "Ó yá, gbé e, máa lọ!" Ìyá Oníṣáná ni ọjà ń pè wọ́n, inú wọn sì ń dùn sí i.

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí Bísí, àbúrò màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Mitchellville, mú mi lọ sí Valencia ní Spain. A wọ gbọ̀ngàn àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò sílíìkì ti ń nájà. Àwọn òpó rẹ̀ lọ́ bí okùn, wọ́n ga débi pé ọrùn ń dùn mí. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ohun tí wọ́n kọ yí ògiri ká ni pé kí oníṣòwò má rẹ́ni jẹ. Mo wò ó títí. Bí kò bá sí arẹ́nijẹ níbẹ̀, ta ló máa kọ irú rẹ̀ sára ògiri?

Bí a ṣe jáde, Àǹtí ra ìborùn sílíìkì fún Ìyá àgbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fa fọ́nrán kan wò."

"Ìyá Oníṣáná kékeré! Ṣé o fẹ́ kí ọlọ́pàá òyìnbó kó wa ni?"

Ojú tì mí, mo tẹ̀ lé wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Àǹtí ń gbé e lọ sílé n'Íbàdàn. Ìyá àgbà kò ríran mọ́, ìsọ̀ wọn sì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ṣùgbọ́n imú wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á béèrè ìṣáná lójú gbogbo àwọn àlejò. Bó bá wá rùn bí ọ̀rá ńkọ́? Wọ́n á ní torí pé ojú àwọn lọ ni ọmọ àwọn fi tan àwọn jẹ.

Láàárọ̀ yìí, kí Àǹtí tó jí, mo yọ ìborùn náà nínú àpò wọn, mo mú un pẹ̀lú láítà mi lọ sẹ́yìn gáréèjì, nítorí aago inú ilé tó máa ń ké bí èéfín bá rú kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo fa fọ́nrán kan, mo jó o, mo gbé e símú. Irun orí. N kò gbà, mo tún gbóòórùn ọwọ́ mi. Irun orí ni. Mo tú fọ́nrán mìíràn sílẹ̀ díẹ̀ létí ìborùn náà, kí ọwọ́ Ìyá àgbà lè tètè bà á, mo sì ká a padà sínú àpò Àǹtí.