Máńgòrò inú Ìrẹsì

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí korobá ìrẹsì wa, òórùn máńgòrò tí ìyàwó mi ri mọ́ inú rẹ̀ kí ó lè pọ́n sì gbá mi nímú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń ri máńgòrò mọ́ inú ìrẹsì ní Ìdímù, nígbà tí bàbá mi jẹ́ katikíìsì. Àbúrò mi obìnrin, Ìbùkún, kò lè rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Dádì ṣe gbé e dé láti ọsibítù, mo ní, “Dádì, àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbùkún ò pé. Bíbélì sì ní ká pé bí Ọlọ́run ṣe pé. Ṣé Ọlọ́run ò ní gbà á ni?”

“Má dá wọn lóhùn jàre. Téléíọ́sì ni Gíríìkì pè é níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí kò lábàwọ́n. Ohun tó gbó ni, bí èso ṣe ń gbó títí á fi pọ́n.”

Ó yé mi dáadáa. Mo gbé Ìbùkún lọ sí kíṣìnì, mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín méjèèjì bọ inú korobá, mo sì fi ìrẹsì bò wọ́n. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó tutù.

Dádì bá wa níbẹ̀. “Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mo fẹ́ kó pọ́n ni, sà.”

Ẹ̀yìn ìgbà tí a sin Ìbùkún ni mo tó mọ̀ pé dókítà ti sọ fún Dádì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ọmọ náà ò ní dàgbà.

Mo rò pé Dádì máa nà mí. Ó kúnlẹ̀, ó bu ìrẹsì lọ́wọ́, ó sì rọra dà á sí ibi tí orúnkún Ìbùkún ti yọ síta.